Ọkọ̀ Bàbá tí Ọlátúndé Fẹ́ Fi Gbé Màmá Wálé

                                        Ojúlé Kẹrin, Odò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àǹtí Abímbọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrí ara wa. Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lo oògùn sí, ṣé ó ti wálẹ̀? Beatrice, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń bọ̀ wá kí ẹbí rẹ̀ ní Ìlọrin, ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí yín. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè ni ọkọ mi, àbúrò yín, máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àǹtí mi, ẹ gbà mí.

Ọlátúndé sọ fún yín pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ tí à ń gbé Màmá bọ̀ láti Ìṣẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ ohun tó bà á jẹ́. Ẹ rántí pé ọkọ̀ Píjó tí Bàbá fi sílẹ̀ kò lè gun òkè mọ́. Àbúrò yín rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tọ́bò sí ìdí ọkọ̀ àtijọ́, níbi tí sàlẹ́ńsà tó ń tú èéfín máa ń wà. Ó ní èéfín tó ń jáde ni yóò máa yí i, tí yóò sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n tọ́bò kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà, ó di dandan kó fa páìpù ọ́ìlì gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú débẹ̀. Mo ní páìpù yẹn rọ̀ sílẹ̀ jù. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wà á, ọkọ̀ náà fò gun òkè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ká ní Bàbá wà láyé ni!"

Àfìgbà tí wọ́n pè wá pé Màmá ṣubú. A sáré lọ gbé wọn. Bí a ṣe ń gbé wọn bọ̀ wá sí ọsibítù, a ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òkúta fi fa páìpù náà já. Ọ́ìlì dà nù, iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì ti tán tàn níwájú rẹ̀, mo kígbe pé kó dúró.

Ó ní, "Bí mo bá dúró, Màmá á kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi han gooro, tó sì kú pátápátá. Mo gbé orí Màmá lé itan, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn. Àbúrò yín dúró sáàárín títì, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ tó gbé wa. Dókítà ní ká ní a tètè dé ni, bóyá ọwọ́ ọ̀tún wọn ì bá má rọ.

Láti ìgbà náà àbúrò yín kì í jẹun. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀, ó sì tún fẹ́ to tọ́bò yẹn mọ́ ọn. Ó ní ọkọ̀ tó já Màmá kulẹ̀ náà ni yóò gbé wọn lọ sílé bí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Ó ní, "Bí mi ò bá ṣe é, báwo ni n óò ṣe máa wo ojú wọn?" Mo sá tọ Màmá lọ ní ọsibítù. Ẹnu tó ti wọ́ yẹn ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lèmi yóò bá re ulé. Kó má baà rò pé mò ń bínú sí òun."

Ta ni kí n tún lọ bá? Ẹ̀yin nìkan ni àwọn méjèèjì ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Ó ti fìyà jẹ ara rẹ̀ tó.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Beatrice yóò gbé àpò gààrí kan fún yín. Tí ẹ bá rí i pé ó wúwo, tọ́bò náà ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò yín tú u sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́, mo sì gbé e nígbà tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti búra pé òun ò ní wa ọkọ̀ náà láìsí i. Nírọ̀lẹ́ òní ni yóò wá a. Ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni padà. Bí yóò bá tún dé Ìkẹ́rẹ́, kó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e wá, kí ẹ sì bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

                                        Èmi ni ìyàwó yín tó ń wo ọ̀nà,
                                        Motọ́láyọ̀.