Bàshír Àbúrò Mi, Fíníà Kẹta Ti Jẹ́rìí Gbè Ọ́

Bàshír Àjàgbé, ọdún kẹfà pé lánàá tí a gbé ọ wọlẹ̀ ní Kumasi níbí. Àwọn kan ní bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọgbẹ́ a máa jiná. Tèmi ò jiná o! Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó jiná, torí inú tó ń bí mi ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé ohunkóhun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ti ilé fún ọ. Ilé Aboabo tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé ti ní páánù lórí. Ràyhànátù ìyàwó rẹ wà ńbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sùmáyyà ọmọ rẹ ti ga jù mí lọ, òun ló jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ láàárín àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Anloga báyìí. Òun náà ń gba àpótí sípíkà àtijọ́ tí ara wọn ti ṣá, ó ń ha ojú àtijọ́ kúrò, ó ń lẹ fíníà tuntun mọ́ wọn, igi gidi tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ bíi bébà. Ó ń fi òwú àti ṣẹ́láàkì tó ń mú igi dán pa á, ìgbà ogún, ìgbà ọgbọ̀n, títí ènìyàn á fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní Anloga ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹnu wọn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Táhírù! Táhírù tí ẹ jọ lọ ilé kéú, tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, tó ti ń jẹ tuwo mi láti kékeré! Omi tí a fi wẹ̀ ọ́ ò tíì gbẹ tó fi ń sọ fáwọn oníbàárà ní Adum pé òun lòun ṣe gbogbo sípíkà tó ti ọwọ́ rẹ jáde. Ó ní ìwọ kàn ń fi sáńpépà ha igi fún òun ni. Ìwọ! Ìwọ tó lè dijú, kí o fi ìka lásán mọ igi hyedua yàtọ̀ sí igi ọ̀gánwó!

Ṣọ́ọ̀bù tó ń gbéṣẹ́ fún yín ní Adum gbé fọ́tò Táhírù kọ́ ògiri. Ó dúró láàárín sípíkà méjì ti Ọ̀gbẹ́ni Alfred, lọ́yà tó ń kó sípíkà àtijọ́ jọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta lo fi ṣe àwọn yẹn, tìwọ tikọ́ tó ń ṣe ọ́. O kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, Táhírù ló wá gbé wọn lọ, ó sì gbé orúkọ ara rẹ̀ tì wọ́n. Tí mo bá ń lọ sí ìsọ̀ abọ́ mi ní Kejetia, mo máa ń yà gba ọ̀nà ibòmíràn kí n má baà rí fọ́tò náà.

Mo lọ bá a. Ó wo ojú èmi Àyọ̀kẹ́, ó ní: "Àǹtí, ẹ fi fún Allah. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí kankan koraa?" Mo padà sílé. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa bàbá ẹni.

Bàshír, mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. O rántí igi tí o wé sínú bébà ìròyìn, tó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, tí mo máa ń tìtorí rẹ̀ bú ọ? Lésìí, nígbà tí a fẹ́ kan páánù, a kó ẹrù yàrá rẹ síta. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi mẹ́rin dáná. Mẹ́rin, Bàshír! Wọ́n sì jó dáadáa. Ìkarùn-ún ni Sùmáyyà já gbà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yẹn ló ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ fún mi. Ó ní láti ara ìtì kan náà lo ti ń mú fíníà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí ìlà ara wọn jọra bíi ti ọmọ ìyá. Ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Ẹ̀kẹta, o fi pamọ́, kó lè jẹ́ pé bí igun kan bá ya lọ́jọ́ iwájú, ara igi kan náà ni wàá fi dí i. O wá fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sẹ́yìn ẹ̀kẹta kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kéú. Èmi ò lè kà á. Ràyhànátù gba ìkarùn-ún náà, ó ka orúkọ rẹ àti ti Alfred, ẹkún ò jẹ́ kó ka ìyókù. Èmi náà ò béèrè ìyókù. Ọwọ́ mi ti tẹ èèkù.

Lánàá, níbi àdúà rẹ, ẹnu ara mi ni mo fi pe Táhírù. Ó wọ jalámíà funfun wá, ó jókòó síwájú bí ẹni pé òun ló lòkú. Mo jẹ́ kó jẹun yó. Mo tún bu ẹran kún un! Lẹ́yìn náà ni lọ́yà Alfred gbé sípíkà kan jáde nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, torí mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Sùmáyyà gbé fíníà kẹta náà tì í. Ìlà dúdú tó wà lára sípíkà ló wà lára fíníà, kókó sí kókó, ìlà sí ìlà.

Mo na fíníà náà sí Táhírù, mo ní kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa, ilé kéú kan náà lẹ ṣáà jọ lọ. Ó wo Àáfà tó wá ṣe àdúà, tó jókòó tì í, tí ojú tiẹ̀ náà ti wà lára lẹ́tà yẹn. Kò ríbi purọ́ sí. Ó kà á: "Èmi Bàshír Àjàgbé ni mo ṣe èyí fún Alfred. Táhírù ọ̀rẹ́ mi ló bá mi fi sáńpépà ha á. Kí Allah fi oore san án fún un."

Irọ́ ọdún mẹ́fà, òtítọ́ bá a lọ́sàn-án kan! Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mọ́ mi bí ó ṣe ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò rí i. Nígbà tí mo kọjá ní Adum láàárọ̀ yìí, ìṣó nìkan ló kù níbi tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n sípíkà mẹ́jọ tí mo sun ẹlẹ́rìí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ Táhírù ni wọ́n ṣì ń jẹ́ nílé onílé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bùn ún. Dárí ìyẹn jì mí, àbúrò mi.

Sùmáyyà náà ti ń tọ́jú fíníà kẹta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Mi ò bú u. Àárò rẹ ń sọ wá, lójoojúmọ́ ni, Bàshír.

Nígbà tí Táhírù ka àdúà tí o ṣe fún un, gbogbo ilé ṣe àmín, títí kan ìyàwó rẹ. Èmi ò ṣe é. Bí o bá fẹ́ kí n ṣe é, wá fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ mí. Mo ń dúró dè ọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, Àyọ̀kẹ́, lórúkọ gbogbo ilé.