Ẹran Ara Bàbá Tó Kù sí Ìlọrin

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje, 1985

Ìwé, má bínú sí mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sínú ìwé, ta sì ni mí? Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kìíní tí kò tíì mọ abẹ́rẹ́ dì mú dáadáa. Ṣùgbọ́n etí òsì mi ń hó, mi ò sì rí ẹlòmíràn sọ fún.

Àná ni mo dé sí Ìyàrá, ìlú wa, fún ìsinmi. Lónìí mo bá Àrá sọ̀rọ̀. Àrá ni mò ń pe Bàbá nínú ìwé yìí nìkan, nítorí kì í kìlọ̀ kó tó sán. Mo sọ fún un pé egbò inú ìfun rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìnlá, láti ìgbà tó ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní 1971. Ó ní òun ti sàn, pé ọdún mẹ́ta rèé tóun ò ti rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní olùkọ́ wa sọ pé bó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kódà bí ara bá dá, ó yẹ kí dókítà máa wo inú ìfun náà lóòrèkóòrè. Jẹjẹrẹ lè máa múra níbi tí ojú ò tó. Bí wọ́n bá bá a níbi tó ti ń múra, wọ́n á gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bi mí bóyá mò ń ṣẹ́ èpè fún òun. Kí n tó ní rárá, sà — ìgbájú.

Àbí mo sọ ọ́ bí kò ṣe yẹ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje

Bọ̀ọ̀dá Moses, ẹ̀gbọ́n mi, sọ ọ́ dáa jù mí lọ. Ó ní ẹni tó ń gbin kọfí kì í dúró kí ewé rọ kó tó wo ara igi, torí inú ni kòkòrò ti ń gbẹ́ ẹ. Àrá ju àwo ọbẹ̀ lù ú. Ó bà á lágbárí. Bí ọbẹ̀ ti ń ṣàn lójú Bọ̀ọ̀dá ni Àrá béèrè pé: "Ọjọ́ wo là ń lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Ìlọrin. Rọ́bà gígùn tó ní iná lẹ́nu ni wọ́n fi wo inú ìfun Àrá. Dókítà ní inú ìfun náà dán, òun ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú lásán kọ́ ló ń rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ó já ẹran díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó kóró ilá. Ó ní kí n bá òun gbé àwọn ìgò kéékèèké tó kó wọn sí lọ sí láàbù fún àyẹ̀wò. Inú mi dùn. Àrá rí mi bí mo ti ń gbé wọn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹjọ

Nílé wa, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí a ò rí òkú rẹ̀ gbé, irun àti èékánná rẹ̀ là ń mú wálé sin. A délé, Àrá ní: "Mo wà láàyè, wọ́n ti sin mí díẹ̀ sí Ìlọrin. Ìwọ lo sì gbé mi lọ sí kòtò."

Bẹ́líìtì. Ẹnu irin rẹ̀. Ó ní mo gbọ́dọ̀ mú ẹran ara òun wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

Orí ìdúró ni mo ti ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ

Mo yọ́ lọ sí Ìlọrin. Màmá nìkan ni mo sọ fún. Obìnrin tó wà ní láàbù ní ẹran náà ti wà nínú ìda, wọ́n ti rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, kò ṣeé gbé lọ sílé. Ìwé èsì àyẹ̀wò ni wọ́n fún mi. Mo kà á ní gáréèjì. Níbi méjì nínú mẹ́wàá, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kí Àrá padà wá kíákíá, kí wọ́n lè yọ ìfun ńlá náà kó tó di jẹjẹrẹ.

Mò ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. A bá a ní kùtùkùtù. Èmi!

Mo wọlé. Màmá wà nílẹ̀ ní ilé ìdáná, apá ọ̀tún wọn ká níbi tí kò sí oríkèé. Wọ́n kọ̀ láti sọ ibi tí mo lọ, Àrá sì fi ọmọ odó lù wọ́n. Òun àti Bọ̀ọ̀dá ń yí lórí ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ sí àdá. Mo gbá àdá náà mú láìwo ẹ̀gbẹ́ tó mú.

Wọ́n rán àtẹ́lẹwọ́ mi níbi mẹ́fà. Ìwé náà ṣì wà láyà mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo fi ìwé náà sábẹ́ ẹní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹjọ

Àrá béèrè bóyá àwọn ará Ìlọrin ti kọ̀wé. Mo ní rárá, sà. Irọ́ náà dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ

Ó jẹ iyán, ó tún bù sí i. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo aago.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹjọ

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gúsí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dáná sun ìwé náà, bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bó bíi mẹ́wàá sí i, wọ́n ní: "Morónkẹ́, ìwọ ti gbẹ́ ilẹ̀, o wá jókòó tì í, ò ń dúró de òkú."

Mo sunkún. Wọ́n ní: "Mú un fún bàbá rẹ. Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé, kó máa rí ọwọ́ yìí lójoojúmọ́."

Mo kà á fún Bàbá. Wọn ò sán. Wọ́n béèrè bóyá ó ti pẹ́ jù. Mo ní kò tíì pẹ́, sà. Wọ́n wo apá Màmá nínú símẹ́ńtì funfun tí ọsibítù fi dì í, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni ìwé yìí dé?"

Mo fi àtàǹpàkò bo déètì. "Lónìí, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi."

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Òwúrọ̀ ọ̀la ni a ń lọ sí Ìlọrin.

Ìwé, èmi yóò fi òwú rán àwọn ojú ewé yìí pọ̀. Bá mi pa ọjọ́ mẹ́sàn-án tí èsì náà fi wà lọ́wọ́ mi mọ́ — pàápàá lọ́jọ́ tí mo bá di nọ́ọ̀sì, tí mo dúró níwájú aláìsàn, tí mò ń sọ fún un pé kó má fi ọjọ́ kan ṣòfò.