Sí Bàbá Mi, Nípa Ẹ̀rọ Mẹ́ta Tó Ń Wá Ara Wọn

Bàbá mi, ẹ̀yin tí lẹ́tà kì í sùn mọ́ lọ́wọ́,

Mo kí yín o. Ìyá ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́ díẹ̀, pé òun ti lè rìn dé mọ́ṣáláṣí láìsinmi. Ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ìdajì ọ̀nà ló ń dé, ilé Alhaja tó ń ta òwú ló sì ń yà sí, tí wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ṣe fàájì títí wọ́n á fi pe ìrun. Àmọ́ ara rẹ̀ yá ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó ti tún ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àmì àlàáfíà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín, mo wo Ìyá bó ṣe ń di ògiri mú kó tó lè dé ilé ìdáná, mo sì sọ fún ara mi pé bí mo bá rí ohun tí mo lè ṣe nílé, n kò padà sí Ìbàdàn mọ́. Kí ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ kọ̀mpútà fẹ́ ṣe ní Ìlá? Gbogbo ẹbí ló bi mí. Ẹ̀gbọ́n yín tiẹ̀ ní kí n máa tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó ní àwọn ọmọ ìlú kò ní yéé gbéyàwó láéláé.

Ọlọ́run bá mi ṣe é. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi kọ̀mpútà mẹ́rin ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dá sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí ìyàwó tuntun. Mo lọ bá Dókítà, mo ní kí ó fún mi ní oṣù mẹ́ta. Ó gbà, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò wá wo iṣẹ́ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, mo di òṣìṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá ẹrù, èmi náà á sì máa gba Ìbàdàn lọ. Bí mo bá sì lọ, Ìyá nìkan ló kù nínú ilé yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ohun tí mo gbé lé àyà fún oṣù mẹ́ta nìyẹn, bí mo tilẹ̀ ń bá gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ máa ń ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín, ẹ ó máa mi orí bí ẹni pé ó yé yín, ìgbà tí mo bá sì parí, ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó dára, mo ti jẹun. Yàrá mẹ́ta ni aláìsàn ń gbà kọjá: yàrá káàdì, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Èdè kọ̀mpútà kan tí wọ́n ń pè ní Java ni mo fi kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ inú yàrá kọ̀ọ̀kan. N kò kọ ọ́ ní odindi. Mo gé e sí apá apá, apá kọ̀ọ̀kan sì dá dúró, tó fi jẹ́ pé bí mo bá tú ọ̀kan palẹ̀ láti tún un ṣe, ìyókù á máa bá tiwọn lọ. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Bí yàrá káàdì bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń gbé bébà sáré kiri. Á gba inú wáyà bi ẹ̀rọ àyẹ̀wò, èsì á sì dé bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ kan tó lè bá èkejì sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tí èkejì ń jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kùnà. Mo kọ nọ́ńbà wọn mọ́ inú iṣẹ́ náà, mo pa á dé, mo ní ó parí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣiṣẹ́, tí mo ń yan kiri ọgbà bí ẹni tó ni ilé ìwòsàn.

Ẹ mọ̀ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ní, yàrá káàdì àti ibi ìgbẹ̀bí nìkan ló lágbára láti gbé. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì gbà kí òkùnkùn dá iṣẹ́ òun dúró. Bí iná bá ti lọ báyìí, á gbé awò tó fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi ìgbẹ̀bí, á padà wá gbé kọ̀mpútà lé èjìká, á fi wáyà ibẹ̀ sí i, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láàrin igbe àwọn ọmọ tuntun. Ta ló ń gbé kọ̀mpútà kiri bí agbọ̀n iṣu? Àwọn tó kọ ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò ronú kan ọkùnrin bíi Adéoyè rárá.

Nọ́ńbà yẹn náà kì í dúró lójú kan. Bí iná bá lọ tó tún dé, ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gba nọ́ńbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ibi oògùn jí ṣáájú, ó sì gba nọ́ńbà tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ni yàrá káàdì bá ń béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ oníoògùn, oníoògùn sì ń fèsì pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Ọ̀tan Ayégbajú jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bébà ti tán ní Ìlá ni?”

Ojú tì mí. Mo lọ tọrọ bébà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, mo sì fẹsẹ̀ ara mi lọ gba èsì náà wá.

Nígbà tí mo délé, mo ń jẹun, mo ń bú àwọn ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, “Bàbá rẹ kì í tẹ̀lé àdírẹ́sì,” ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Bàbá, mo ti gbàgbé. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń pín lẹ́tà ní gbogbo ìgbà ìsinmi, tí mo ń fi gìgísẹ̀ gbá irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, mo ti gbàgbé. Ní agboolé kọ̀ọ̀kan, ẹ ní ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sùn lóko, tó ń lọ ra obì ní Iresi, tó ń lọ mọlé ní Òkè-Ìlá, á yà lọ́dọ̀ ìyá yẹn, á sọ ibi tó ń lọ. Bí ọjọ́ ọjà bá sì pé, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé òun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kì í ka ohun tó wà lẹ́yìn àpò lẹ́tà kọjá orúkọ. Ẹ ó kàn tẹ orí ba lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ó kí ìyá, ẹ ó bi í níbo ni ẹni tó ni lẹ́tà, ká ní Súlè, wà lónìí. Bí ọjà méjì bá ti kọjá tí ìyá kò gbúròó Súlè, á ní, “Má gbé e lọ, n kò mọ ibi tó wà mọ́.” Ẹ kò gun kẹ̀kẹ́ dé Iresi lásán rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Ẹ̀rọ kẹrin wà ní ọ́fíìsì Dókítà, kì í kúrò níbẹ̀, bátìrì sì ń gbé òun àti àpótí tí gbogbo wáyà ti pàdé bí iná bá lọ. Mo sọ ọ́ di ìyá àgbà. Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á ké sínú wáyà pé ta ló ń gba orúkọ níbí, ìyá àgbà á dá a lóhùn, òun náà á wá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti nọ́ńbà tó ń jẹ́ lónìí. Yàrá káàdì kò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni mọ́. Orúkọ iṣẹ́ nìkan ló mọ̀, inú fáìlì kékeré kan tó dá wà lọ́tọ̀ ni mo sì kọ orúkọ wọ̀nyí sí. Bí wọ́n bá ṣí yàrá mìíràn lọ́la, ìlà kan péré la ó fi kún fáìlì náà, a kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló fi sídì tó ní ètò yìí ránṣẹ́ sí mi, àwọn òyìnbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ni, wọ́n sì ń fi í yangàn káàkiri. Bàbá, iṣẹ́ yín ni wọ́n gbé, wọn kò sì mọ̀ yín rí.

Apá kan ni mo fò, ti ọjọ́ ọjà. Mo ní kí ẹ̀rọ sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo rò pé ó tó. Adéoyè tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ìyá àgbà sì ń rán yàrá káàdì lọ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ yàrá káàdì, mo ń wò ó bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn òfìfo, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí mo kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo ní Ìbàdàn, n kò ránṣẹ́ sílé. Mo ní bí mo bá wálé Iléyá, màá sọ fún yín lẹ́nu. Kí Iléyá tó dé, àìsàn yín dé. Ìyá rán Lásísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń wakọ̀, pé kí ó wá mú mi. Ilé Mọ́kọ́lá ló lọ. Ọjọ́ méjì ló fi ń wá mi kiri Ìbàdàn. Nígbà tí a fi máa dé Ìlá, àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ti sin yín. Ṣé ẹ béèrè mi? Ìyá ní ẹ kò béèrè, pé oorun lẹ sùn lọ. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí ó ń ṣàánú mi. Ó dùn mí, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣàìrí ẹnikẹ́ni rí, ọmọ yín ni kò ṣeé rí. Ẹ dárí jì mí.

Mo nu ojú, mo kọ ti ọjọ́ ọjà sí i. Ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún sọ pé òun ṣì wà. Bó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá àgbà á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wá nìyí. Alága wọn ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì, ó sì wọlé pẹ̀lú ìjà. Ó ní òun gbọ́ pé gbogbo kọ̀mpútà ló máa ya wèrè bí ọdún 2000 tó ń bọ̀ bá wọlé. Mo ní, “Tiwa kò ní ya wèrè, Bàbá.” Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí òun fojú ara òun rí i. Adéoyè gbà á, ó wò ó, ó tẹ èsì sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí a ṣe rìn dé yàrá káàdì láti wá wo èsì náà, iná lọ.

Dókítà wo ilẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bú, ẹ̀rọ yàrá káàdì tún jí, mo tẹ orúkọ alága sí i. Ohun tó jáde ni gbólóhùn tí mo fi Yorùbá kọ sí i: “Oníàyẹ̀wò ti kúrò níbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un láyè díẹ̀.” Alága kà á sókè, ó wojú fèrèsé, ó sì rí Adéoyè tó ń gbé kọ̀mpútà sáré gba àgbàlá kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ yìí kì í purọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan, èsì yọ láti ibi ìgbẹ̀bí. Ibà ni. Ó ní òun ti fura, pé àárọ̀ yẹn lẹ́nu òun ti korò. Wọ́n fún un ní oògùn kó tó kúrò níbẹ̀, ó sì ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, ó mú ìgbálẹ̀. Ó wọ yàrá yín lọ, ó gbá a, ó ṣí fèrèsé, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn ti àpótí mi wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́.

Láti àná ni mo ti ń kọ lẹ́tà. Mo kọ sí onílé mi ní Sángo, mo kọ sí àwọn tí a jọ gbé, mo kọ sí ọ̀rẹ́ mi tó fi sídì ránṣẹ́. Mo lọ bá Lásísì fúnra mi ní gáréèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí n kò tíì sọ fún.

Bàbá, mo ti kó kúrò ní Ìbàdàn. Yàrá yín ni mo wà. Bí ẹ bá wá mi, ẹ ó bá mi nílé.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín,
ní Ìlá Ọ̀ràngún.