Ọ̀rọ̀ Eyín Ẹ̀gbọ́n Rẹ Virgil

Pigeon Fork, Kentucky
Oṣù kẹwàá, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn

Rhonda ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Cincinnati ò tíì máa gé ọ jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìyẹ wa lọ́wọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lórí òkè yìí yóò máa ṣọ́ ìwọ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń wakọ̀ níbẹ̀ yẹn bí ẹni tí ajá ń lé, lórúkọ Jésù. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ń dùn ún ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò sinmi, nítorí náà ara rẹ̀ yá. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so ju ti èṣí lọ, mo sì ti se èso rẹ̀ sínú ìgò títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ gbọ́, jẹ́ kí n yáa bọ́ sí i. Eyín Virgil ti dákẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí àyà rẹ má baà máa já bí o ṣe ń kà á lọ.

O rántí bó ṣe ń gbá ara rẹ̀ létí láti ìgbà òjò dídì, tó ń da ẹ̀wà sílẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń sọ pé bí àwọn bíi tirẹ̀, tí ọpọlọ wọn yàtọ̀ láti inú ìbí, ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń dàgbà. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ki odidi ápù sẹ́nu la tó mọ̀ pé eyín ni. A gbé e lọ bá dókítà eyín ìlú wa. Virgil ké lẹ́ẹ̀kan péré, ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní wọn ò kọ́ òun ní iṣẹ́ irú wọn nílé ìwé, pé ohun tó kù ni ká gbé e lọ sí ọsíbítù ńlá, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n yọ gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ pátápátá kí wàhálà tán. Gbogbo rẹ̀ o, Rhonda! Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó fẹ́ràn àgbàdo sísè ju ẹran lọ! Ta ni yóò máa bá a rún un?

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá sọ pé ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín ní Lexington ti ní ibì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àwọn bíi Virgil, àtàwọn afọ́jú, àtàwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mo pè wọ́n, láti ìgbà náà ni ẹnì kan níbẹ̀ ti ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ gbáà ni. Ó ní kí n tẹ Y tí a bá ń bọ̀, kí n tẹ N tí a ò bá lè wá. Mo rò ó pé yóò jọ ìwà ọ̀yájú kéèyàn kàn fi lẹ́tà kan ṣoṣo dá ọmọlúàbí lóhùn, ni mo bá kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo ròyìn orúnkún bàbá rẹ, kí n tó tẹ Y. N ò tíì bọ́ awò ojú mi tó fi dáhùn pé òun dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ó jọ pé kì í jókòó jẹun. Mo gbé ìgò ápù kan lọ fún un, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun á bá mi fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún wa ń jẹ́ Marisol. Virgil ló kọ́kọ́ kí kó tó kí mi, mo sì kíyè sí i. Ó ní kó jókòó sórí àga, ó gbé àga náà sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè, ó ní Virgil káre, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó parí! Mo sọ fún bàbá rẹ nínú ọkọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ti fún wa ní èyí tí kò tíì kàwé débi eyín. Nígbà tí a padà lọ, dígí kékeré ló mú, ó fi ka ìka ọwọ́ Virgil, ó fi kan ètè rẹ̀, ó tún la ẹnu tirẹ̀ kí Virgil lè wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ́ lọ bá tíṣà rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn, mo ní tí ọmọ yìí bá ti gbàgbé, kó jọ̀ọ́ rán an létí pé eyín la bá wá. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní àìkánjú yẹn gan-an lòun ń kọ́ ọ. Mo ní ó dáa, ilé ìwé wọn ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò eyín tí wọ́n ń pè ní X-ray, wọ́n gbé ẹ̀wù òjé kan bo àyà Virgil, ó wúwo bí àpò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Mo rò pé torí kó má baà ta wọ́n nípàá ni. Àṣé ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn rẹ̀! Ó dì í mú, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó kọ̀ kò bọ́ ọ, Marisol sì ní kó máa wọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe ló kọ́kọ́ sọ fún un, á fi hàn án, kó tó ṣe é. Tí Virgil bá gbọ́wọ́ sókè, á dúró. N ò rí dókítà rí tó dúró nítorí pé Virgil gbọ́wọ́ sókè. Eyín tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n dí ihò méjì, gbogbo ìyókù wà lẹ́nu rẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Láná, ó jẹ àgbàdo mẹ́ta, ó tún na ọwọ́ sí ti bàbá rẹ.

Wàyí o, gbọ́ èyí. Tíṣà yẹn ní kí Virgil máa wá lóṣooṣù, kó jókòó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Bàbá rẹ béèrè pé ta wá ni tíṣà níbẹ̀, ọkùnrin náà ní Virgil ni. Rhonda, ẹ̀gbọ́n rẹ ti di tíṣà ní yunifásítì! Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ya ọ̀dọ̀ dókítà ìlú wa, mo ní tó bá ṣì fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó wá jókòó níwájú.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo ọkọ̀, àti fún táì, nítorí tíṣà kì í wọ aṣọ oko lọ síbi iṣẹ́. Bá mi wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn náà bóyá wọ́n ń ta ẹ̀wù òjé, aláwọ̀ búlúù, kó gbòòrò léjìká.

Bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Marisol dì mọ́ Virgil, omi lójú rẹ̀, ó ní Virgil ló kọ́ òun níṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní kékeré, ilé ìwé dá a padà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó lè kọ́ni.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, eyín rẹ yóò bá ọ dalẹ́, ibi tí wọ́n bá ti lé ọ ni wọn yóò ti fi àga lọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oleta Stamper,
Ìyá Tíṣà.