Agbára Ti Dé Kánsù Wa, Mo Sì Lọ Wò Ó

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà níbí, a ò ní sọ pé kò sí ibi tó ń dùn wá, ṣùgbọ́n a ṣì ń jí, a sì ń dìde. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun kí o tó jáde nílé, ó sì ní bí o bá fèsì pé o ti ń jẹun, òun ò gbà ọ́ gbọ́. Ọ̀nà tí o bá máa gbà, Ọlọ́run á ti kọ́kọ́ gbà á kọjá. Ẹni tó bá ní kí ẹsẹ̀ rẹ má balẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ á yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àmín.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, o ò ní ṣe é tì. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta ló ti ń kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún, òun ò lè gba nǹkan kan mọ́. Ó yà mí lẹ́nu, torí n kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan tó jinlẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá ọ̀rọ̀ àwọn tó tà á fún ọ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti pa á, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sórí àpótí kó sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ kọ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ agbára. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Rédíò ló sọ ọ́, pé gbogbo agbára tí ìjọba ti kó jọ sí olú-ìlú láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ti fi òfin tú u ká, wọ́n sì ti gbé ti ìjọba ìbílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, kí oníkálukú máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibo ni wọ́n máa kó o sí? O mọ yàrá tí kánsù fi ń pa nǹkan mọ́. Èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀, ikán sì ti jẹ férémù rẹ̀ débi pé bí ewúrẹ́ bá sín níwájú rẹ̀, á ṣí. Mo mú okùn ìwọ̀n mi, mo wọ ṣòkòtò tó mọ́, mo gba kánsù lọ kí n lè wọn ilẹ̀kùn náà kí ọkọ̀ tó ń kó agbára bọ̀ tó dé.

Akọ̀wé tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní Bàbá Káfíńtà, agbára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó, ìwé ni. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ìwé náà. Ó ní ó wà lórí tábìlì Alága, wọ́n ti gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo bi í bóyá Alága ti ń lò ó. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó ní Alága ṣì ń wò ó ni.

Kí o má baà rò pé àìríkan-ṣèkan ló ń gbé bàbá rẹ kiri, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Oyún àbúrò rẹ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí wa sì wà ní títì. Olú-ìlú ló gbé nọ́ọ̀sì wa lọ síbòmíràn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní òmíràn ń bọ̀. Ìgbàkigbà tí a bá bi Alága, á nàka sókè, á ní àwọn ará òkè ò tíì dáhùn. Ilé ìwòsàn ńlá wà lódìkejì odò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ọ̀nà yẹn. Ibẹ̀ ni ìyàwó ẹni tó ń ta epo òyìnbó bímọ sí nínú ọkọ̀, ọmọ náà ò sì dúró. Àbúrò rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé obìnrin náà padà dé. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jí láàárọ̀, kó tó kí wa, á kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá rẹ á ní wọ́n máa ṣí i, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí rédíò ṣe ní agbára ti dé, ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí ló wá sí mi lọ́kàn.

Kò pẹ́ sí i tí obìnrin kan dé láti iléeṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn kánsù bí wọ́n ṣe máa ru ẹrù tuntun yìí. Ẹ-Bá-Mi-Rò-Ó là ń pè é, torí gbólóhùn kan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ kó má fi ìyẹn parí rẹ̀. Ó pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn kánsù, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń tan iná sára ògiri, ìwé sì ń jáde láti inú iná náà. Ọmọ mi, mo dìde, mo lọ fọwọ́ kan ògiri yẹn, kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Mo jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri, n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà wọlé tí mo tún súnmọ́ ọn, Ẹ-Bá-Mi-Rò-Ó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jókòó, ó ní ètò ìnáwó ọdún yìí ti wà lẹ́yìn aṣọ mi, àwọn èèyàn ò sì rí i kà.

Ó wá ṣàlàyé pé títún ọ̀nà ṣe, bíbo òrùlé ilé ìwé, gbígba òṣìṣẹ́ ìlera, kánsù lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe báyìí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè, mo bi í bóyá ilé ìgbẹ̀bí wà lára rẹ̀. Ó ní ó wà lára rẹ̀. Mo ní ta ni Alága máa kọ̀wé sí kó tó ṣí i. Ó ní kò sẹ́ni kankan. Gbogbo wa yíjú sí Alága. Alága họ ọrùn, ó ní òun ti kọ̀wé sí olú-ìlú pé kí wọ́n kọ̀wé sí òun pé òun ò nílò láti máa kọ̀wé sí wọn mọ́, èsì lòun ń retí. Ńṣe ni gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Ẹ-Bá-Mi-Rò-Ó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni mo ṣàdédé rí Alága ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun nìkan, kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ó jókòó sórí pákó tí mo ń fá lọ́wọ́, n kò sì lè ní kó dìde. Ó ní gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣe é, bí nǹkan bá bàjẹ́, ará òkè ló bà á jẹ́, bó bá dára, òun á lọ bá wọn yọ̀ níbẹ̀. Ó ní ní báyìí, bí òun bá gba nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ ò dára, tí nǹkan ṣe ọmọ ọlọ́mọ, orúkọ ta ni wọ́n máa pè? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́. Mo bi í pé báwo ni agbára náà ṣe ń rí lára èèyàn gan-an, ṣé ó ń wúwo ni àbí ó ń gbóná. Ó ronú sí i. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun ọlọ́mọ lé ọ lọ́wọ́, o ò mọ ibi tí o máa dì mú, ìyá ọmọ sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní wọ́n ti gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lé èmi lọ́wọ́ rí, ìwọ ọmọ mi gan-an ni, kò sì sẹ́ni tó fún mi láyè láti kọ́ bí a ṣe ń gbé e. Mo ní èèyàn á kàn fọwọ́ gbé orí ọmọ ni, ìyókù á to ara rẹ̀. Ó mú ìfọ́ pákó kan nílẹ̀, ó ń ká a títí ó fi kán. Ó wá bi mí pé bí òun bá fọwọ́ sí i tó sì bàjẹ́, ṣé èmi náà máa bú òun. Mo ní màá bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ní ilé rẹ̀ ni màá ti wá bú u, n kò ní máa wá owó ọkọ̀ olú-ìlú nítorí èébú mọ́. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó gbọn èérún pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ó fọwọ́ sí i. Wọ́n pe obìnrin kan tó ti ṣe agbẹ̀bí pẹ́ nílé ìwòsàn ńlá, tí ilé ọkọ rẹ̀ wà ládùúgbò wa níbí, wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa. Ẹ-Bá-Mi-Rò-Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí àwọn kánsẹ́lọ̀ bá bojú wẹ̀yìn wò ó pé kó bá àwọn dáhùn, á máa wo àjà, títí àwọn fúnra wọn fi gba obìnrin náà ní nọ́ọ̀sì.

Ó wá ku ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lólú-ìlú, kò sẹ́ni tó mọ dúrọ́ọ̀ tó wà. Alága ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó irinṣẹ́ bọ̀. Mo gbé irin sẹ́nu àgádágodo, mo gbé òòlù sókè, ọwọ́ mi kò sì sọ̀kalẹ̀. Ọmọ mi, àgádágodo ìjọba ni. Èmi tí mo ti ń fi ẹnu gbé ọmọ tuntun láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ìwé wá ń ba èmi náà. Mo yíjú sí Alága, mo ní ṣé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ó ní ìwé wo? Mo ní ìwé láti òkè. Ìyá rẹ pariwo láàárín èrò pé ẹ wo ẹni tó ń gbé okùn ìwọ̀n kiri tó ń wá agbára. Ẹ̀rín ta. Alága ní níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òun lòkè, kí n lù ú. Mo sì lù ú.

Agbọ́n ti kọ́lé sórí bẹ́ẹ̀dì, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá ṣì wà lára ògiri, eruku bo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ. Àwọn obìnrin gbá ibẹ̀, ọkọ àbúrò rẹ fi iṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀ rẹ́ ibi tó lanu. Òrùlé ṣì ń jò ní apá kan, n kò ní parọ́ fún ọ.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú àbúrò rẹ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀, ó di èjìká ìyá rẹ mú. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé okùn ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ní ká ní ojú ọ̀nà odò ló bá wọn, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin ni ọmọ. Ó pupa, ohùn rẹ̀ ń dún bí ayùn, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ kọ́kọ́ kí wa ká tó kí i.

Ṣùgbọ́n agbára ò dá wá, ó mú àbúrò rẹ̀ dání, owó orí ni orúkọ rẹ̀. Kánsù ní kí ilé ìgbẹ̀bí má baà tún di títì, kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù máa san nǹkan. Ọ̀dọ̀ mi ni akọ̀wé kọ́kọ́ yà sí, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ wá béèrè agbára ló yẹ kó kọ́kọ́ gba rìsíìtì. N kò rí ibi tí mo fẹ́ gbà sá. Jọ̀ọ́, fi ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ bá tó ránṣẹ́, má sì fi gba inú fóònù yẹn, mo ti sọ fún ọ pé inú rẹ̀ ti kún. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: agbára tí wọ́n kó kúrò lólú-ìlú yìí, ṣé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo? Kí ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ ń ṣe báyìí?

Ayé á yẹ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń yan èèyàn, wọn ò ní fò ọ́. Ire ni wọ́n á fi mọ orúkọ rẹ, wàá gbó, wàá tọ́, a ò ní fi ojú sunkún rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa kí n tó rántí. Àwọn ará kánsù kejì wá kí Alága lánàá, wọ́n wọṣọ tó dára, wọ́n gbé adìyẹ dání. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé a ti rí agbára gbà, ta ni a lọ rí, kí àwọn náà lọ bẹ̀ ẹ́. Alága ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún gbogbo wa, tiwọn ti wà nílé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà yẹn. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé adìyẹ wọn, wọ́n sì yára padà sílé lọ wò ó.