Wáyà Dúdú Tí Mo So Mọ́ Bọ́dì

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ọwọ́ mi ṣì kún fún gíríìsì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ má bínú. Òtútù Johannesburg ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí mo wà ní Doornfontein. Iṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ iná mọ́tò tí ẹ kọ́ mi náà, ni mo fi ń jẹun níbí. Àwọn ará àdúgbò tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ ń kọ́ ọmọbìnrin ní wáyà dípò ọbẹ̀, ṣé wọ́n wá síbi ìsìnkú yín?

Mo ba mọ́tò kan jẹ́, Bàbá. Mọ́tò àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ. Ìyá arúgbó kan ní Turffontein ló ń fi í gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Àyà bàbá náà kò gba òtútù, ìyá náà sì fẹ́ kí n so fáànù oníná tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ ìsìnkú yín gan-an ni mo ṣe é. Aago mẹ́wàá ti ilé ni wọ́n fi ìsìnkú sí, mọ́kànlá ti ibí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń jiyàn lórí ìbò tó ń bọ̀. Mi ò ní ìwé ìgbélùú. Bí mo bá jáde nílùú yìí láti wá sin yín, mi ò ní lè wọlé mọ́. Ojú mi wà lára aago, ọwọ́ mi ń ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ: wáyà dúdú sí bọ́dì, pupa sí iná. Ṣé ẹ sọ fún mi rí pé òdìkejì ni ti àwọn mọ́tò àtijọ́ kan, pé pọ́sítíìfù, wáyà pupa, ni wọ́n ń so mọ́ bọ́dì? Àbí ẹ sọ ọ́, tí mi ò gbọ́?

Fáànù yí, wáyà inú rẹ̀ pọ́n, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin ì bá kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀, kí ẹ di ojú bí ẹni ń gbàdúrà. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí wáyà tí mo so lódì, ẹ̀yìn ni fáànù ń yí sí, ó ń fẹ́ ooru lọ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, síbi tí àwọn wáyà aláṣọ àtijọ́ wà.

Wọn ò tíì dé ọsibítù tí èéfín fi lé wọn sílẹ̀ nídìí róbọ́ọ̀tì kan, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì. Wọ́n dúró nínú òtútù títí táksí fi gbé wọn. Bàbá náà kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣé èmi ni mo pa á? Ìyàwó rẹ̀ dá mọ́tò padà, kò bú mi. Ká ló bú mi ni, ì bá sàn. Mo ti yí wáyà méjèèjì padà báyìí, ooru sì ń jáde dáadáa.

Lánàá ni lẹ́tà àbúrò mi dé. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ ikú yín fún mi lórí tẹlifóònù, tí wọ́n sì sọ ọjọ́ àti aago ìsìnkú, ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo fẹ́ lọ nu ojú, mo bá ní mò ń bọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń wí. Kí n tó padà, láìnì ti já. Mi ò tún pè, ojú ń tì mí.

Lẹ́tà náà ní ìyá mi gbà pé mò ń bọ̀ wálé ni. Nítorí pé àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n bò yín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó sin yín. Ẹ fi wákàtí mẹ́fà dúró dè mí nínú oòrùn, Bàbá, èmi sì ti jẹun ọ̀sán tán, mo ti ṣan ọwọ́.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dé.