Àwọn Ẹlẹ́rìí Tí Mo Kó Lọ sí Kóòtù

Ẹ̀yìn ọjà gbànja,
Anyama,
Ọjọ́ Sátidé, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1971.

Morẹ́nikẹ́ Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó o ń tẹ̀ fọṣọ ní Cocody, l'Abidjan níbẹ̀, kò dùn ọ́ jù? Àwa náà ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Màmá rẹ kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, mo ní ẹni tó yege láàárín ọmọ tó pọ̀ tó yẹn, ebi kò lè máa pa á, ó ní ọ̀tọ̀ ni ìdánwò, ọ̀tọ̀ ni ọ̀bẹ̀. Ọlọ́run tó mú ọ gun òkè náà kò ní jẹ́ kó o yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Àmín. Jókòó dáadáa kó o ka lẹ́tà yìí, má fo ibì kankan, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á fún màmá rẹ, mo kà á fún àwọn tí wọ́n ń bá mi ṣa gbànja, gbogbo wọn hó yèè. Ọmọ Òkéwùmí adigbànja fẹ́ di agbẹ̀bí! Ìwọ tó ń fọ aṣọ aláṣọ látàárọ̀, tó wá ń fi ìyókù ọjọ́ kàwé! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tó o ti ní wọ́n ń béèrè ìwé ìbí, pé bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí wọ́n á yọ orúkọ rẹ, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí i, mo ká lẹ́tà pọ̀. Torí ẹ̀bi mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, èmi ń kó gbànja sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ní ilé ìgbẹ̀bí, mo rò pé ó parí nìyẹn. Ta ló mọ̀ pé èèyàn tún ń gba ìwé láti fi hàn pé wọ́n bí òun, nígbà tó dúró síwájú yín tó ń mí?

O ní kí n fóònù sílé tó o ti ń ṣiṣẹ́ bí mo bá ti rí lẹ́tà gbà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ agbádá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, torí mi ò mọ irú ẹni tó máa rí mi lódìkejì. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn, kò kí mi, ó ní okùn fóònù dí. Mo ní ta ló wà lórí ẹ̀, kó bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sún díẹ̀, mi ò ní pẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ó tún ní okùn dí. Mo ní kò burú, mo máa dúró, mo ní sùúrù. Mo ṣí fìlà, mo gbé ohun náà sétí, mo dúró títí ọwọ́ fi ń ro mí, ni ọ̀gá wọn bá wá gbà á lọ́wọ́ mi pé obìnrin náà ti lọ tipẹ́. Kò sọ fún mi pé òun ń lọ! Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn nílé, Morẹ́nikẹ́.

Mo wá forí lé kóòtù. Adájọ́ máa ń wá síbí ní gbogbo Ọjọ́rú, àti Ignace akọ̀wé ẹ̀, ọmọ Kétu tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìgbòho, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo lọ. Mo ṣàlàyé fún adájọ́ pé nígbà tó o fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, o fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, o kan etí òsì, tíṣà sì gbà ọ́, pé etí náà ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí kì í gba etí. Ó ní kí n mú ìwé wá, tàbí kí n mú ẹni tó mọ̀ nípa ìbí rẹ, yàtọ̀ sí èmi àti màmá rẹ, wá jẹ́rìí, ó sì ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ló kù, lẹ́yìn ẹ̀ òun ń lọ ìsinmi.

Ọmọ mi, ilé ìgbẹ̀bí ní òjò ti pa ìwé ìgbà yẹn, ó wá ku ẹlẹ́rìí, níbẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo rò pé bí ẹlẹ́rìí bá ṣe tóbi tó ni ìbí á ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Mo lọ bẹ Àlàájì Àtàndá tó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, mo bẹ bàbá ìjọ wa, Olúbáyọ̀, mo bẹ Ràímì télọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó mọ aṣọ wọ̀ bíi tiẹ̀ ní Anyama. Agbádá ni mo wò, mi ò wo ẹni tó wà nínú ẹ̀. Bí a ṣe ń rìn lọ ní Ọjọ́rú, àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ìyàwó la fẹ́ lọ tọrọ.

Adájọ́ bi Àlàájì pé níbo ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Ó ní òun wà ní ìlú Bobo lókè ọ̀hún, òun ń ta gbànja. Adájọ́ ní báwo ló ṣe wá mọ̀. Ó ní ohun tí òun kò bá mọ̀ ní Anyama, kò ṣẹlẹ̀. Ó ní ìgbà òjò ni. Bàbá ìjọ ní irọ́ ni, ìgbà ọyẹ́ ni, ó ní òun rántí torí ètè òun là lọ́jọ́ ìkómọ, orin kíkọ sì ń dun òun. Ràímì ní òun kò mọ̀ nípa òjò tàbí ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ òun dé ni wọ́n bí ọ. Wọ́n ní ìgbà wo ni ẹ̀rọ dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sáré lọ bi ìyàwó òun. Ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà níwájú adájọ́, Àlàájì ń na ìka sí ètè bàbá ìjọ. Adájọ́ gbá tábìlì. Ó ní irọ́ ni gbogbo wa wá pa, ó pa ìwé dé, ó ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.

Morẹ́nikẹ́, omi bọ́ lójú mi. Èmi Òkéwùmí. Mo rí ọ bí o ṣe ń tẹ̀ fọṣọ, mo rí i pé ìwé tó o kà fẹ́ dà nù nítorí bàbá tí kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Ignace ní kí n dìde, ó ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Sùwéébátù fi wọlé. O mọ̀ ọ́n, obìnrin kúkúrú tó ń gbálẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́, tó ń pọnmi fún wọn, tó sì ń wẹ ọmọ nígbà tí agbẹ̀bí bá ń kọ̀wé. Ọdún méjì lèmi àti ẹ̀ fi ń fa ọ̀rọ̀ lórí eruku tó ń gbá sórí gbànja mi. Mi ò kí i, mi ò tilẹ̀ rántí ẹ̀ nígbà tí mo ń wá ẹlẹ́rìí. Màmá rẹ ló sọ fún un lọ́jà. Ó ru abọ́ irin ńlá kan, ó da ìró bò ó, ó kúnlẹ̀ kí adájọ́, ó sọ abọ́ kalẹ̀. Ìwé ńlá ilé ìgbẹ̀bí ló wà nínú ẹ̀, ojú ẹ̀ ti pọ́n, omi ti sọ ọ́ di jákujàku. Ignace ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá a títí, ó kígbe. O wà níbẹ̀! Ọmọ Òkéwùmí, obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Júláì, 1952, aago márùn-ún ìdájí. Ni Àlàájì bá fò sókè pé ṣebí òun ti sọ pé ìgbà òjò ni!

Adájọ́ bi Sùwéébátù pé báwo ni ìwé yìí ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọdún kẹtàlá rèé tí ìjì ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí lọ, òjò pa gbogbo ìwé, wọ́n ra tuntun, wọ́n sì ní kí òun lọ sun èyí tó ti bàjẹ́. Ó ní òun ti ṣáná tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò gbà láti fi í sí i. Ó ní òun kò mọ̀wé, àmọ́ òun mọ̀ pé gbogbo ọmọ tí òun wẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, báwo lòun ṣe máa ti iná bọ̀ wọ́n? Ó sá a sórí páànù, ó ń yí i padà bí ẹni ń sá èlùbọ́, bí òjò bá ti ṣú á sáré kó o wọlé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló wà. Ojú gbà mí tì, ọmọ mi. Igi tí mo fojú di kò gún mi lójú, òun ló gbé mi ró.

Adájọ́ ní kí Ignace gbé àga fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ ìwé rẹ, ó ku ẹni tó máa jẹ́rìí sí i, àyè ẹnì kan péré ló wà nínú ìwé náà. Ignace yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ni ìwé náà ń lọ, pé Àlàájì mọ̀ ọ́n kọ, pé ìkọ̀wé ẹ̀ á dùn-ún wò ju àtàǹpàkò agbálẹ̀ lọ. Àlàájì ti ká ọwọ́ agbádá, ó ti mú gègé. Mo ní rárá o. Mo ní ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó jẹ́rìí. Àlàájì bínú lọ, kò tíì ra gbànja lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ náà. Kó máa bínú lọ, gbànja kì í wá oníbàárà tì.

Wọ́n fi tàdáwà sí àtàǹpàkò Sùwéébátù, ó tẹ̀ ẹ́, àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo ló jáde, kò sí ìlà kankan nínú ẹ̀. Wọ́n nù ún, ó tún un tẹ̀, bákan náà ni. Ìgbálẹ̀ àti omi ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ ẹ̀ tán. Ignace ní èyí kò ní ṣeé gbà. Adájọ́ gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i lábẹ́. Wọ́n wá ní kí n ra tẹ́ńbà, sítáǹbù bíi ti lẹ́tà, lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ síbì kan ni? Wọ́n ní ti ìjọba ni. Mo ra mẹ́ta, mo lẹ méjì mọ́ ẹ̀yìn kí ó lè tètè dé Abidjan. Ignace ní kí n yọ ọ́, mo ní kó máa wò mí.

A sin Sùwéébátù délé pẹ̀lú orin. Bàbá ìjọ ló ń lé e, àwọn mùsùlùmí ń gbè é, ijó ni mo fi gba ọjà kọjá. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ gbànja kan fún un, ó ní òun kì í jẹ ẹ́, kí n ṣáà má pariwo eruku mọ́. Ìwé ńlá ti wà ní kóòtù báyìí, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò nínú abọ́ ẹ̀, nítorí náà abọ́ náà wà ní kóòtù, àwọn èèyàn sì ti tò síwájú Ignace láti wá ara wọn.

Nítorí náà, bí o bá rówó, fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi kí n ra abọ́ irin tuntun fún Sùwéébátù, aláwọ̀ búlúù ló fẹ́, àti bàtà kan tí gìgísẹ̀ ẹ̀ kò ga. Fi ti bátìrì rédíò mi kún un. Hamidou tó ń wa gbaka, bọ́ọ̀sì akérò, ló ń mú ìwé rẹ bọ̀, mo ti kìlọ̀ fún un kó má gbé ewúrẹ́ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kó di Jímọ̀ o, ọjọ́ Mọ́ńdè gan-an ni kó o mú un lọ.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ á gba ọmọ láàyè, á gba ìyá láàyè, o ò ní gbọ́ ẹkún lẹ́nu iṣẹ́ bí kò ṣe ti ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà pé àtàǹpàkò ta rèé tí kò nílà, má fojú bolẹ̀. Dúró ṣinṣin kó o sọ fún wọn pé ọwọ́ tó kọ́kọ́ wẹ̀ ọ́ láyé ni, omi ọmọ ọlọ́mọ ló fọ ìlà ẹ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Òkéwùmí adigbànja.